Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí A Ṣe Ń Sọ Ìkékúrú Èdè Gẹ̀ẹ́sì Di Ọ̀pọ̀

Iṣẹ́ mi ní Adó-Èkìtì ni kí n máa ka ìwé tí àwọn ènìyàn fẹ́ tẹ̀ jáde, kí n sì máa tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe kí ó tó dé ilé ìtẹ̀wé. Ìwé ètò ìsìnkú, ìròyìn ọdọọdún ẹgbẹ́, iṣẹ́ ìwádìí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, gbogbo wọn ni mo ń rí, àṣìṣe kan náà ni ó sì ń wà nínú wọn: apọ́sítírọ́fì, àmì kékeré tí ó dà bí kọ́mà tí a gbé sókè, ni wọ́n ń fi sọ ìkékúrú di ọ̀pọ̀. Mo ti fi ẹnu dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí títí ó fi sú mi. Ìdáhùn náà nìyí ní àkọsílẹ̀.

Ìbéèrè: Bí wọ́n bá ju ẹyọ kan lọ, ṣé NGO's ni tàbí NGOs?

Ìdáhùn: NGOs. Ẹ fi s kékeré kún un, ó parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ATMs, CVs, PTAs (ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́) àti LGAs (ìjọba ìbílẹ̀).

Ìbéèrè: HOD ńkọ́? “Heads of Department” ni a ń wí, ara ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sì ni s wà.

Ìdáhùn: Ìparí ni s ń wà nínú ìkékúrú: HODs. JPs (Justices of the Peace) àti SANs (Senior Advocates of Nigeria) kò yàtọ̀.

Ìbéèrè: Ṣé 1990's ni a ń kọ?

Ìdáhùn: 1990s. Bí ẹ bá gé 19 kúrò, iwájú ni apọ́sítírọ́fì yóò wà, nítorí pé ó dúró fún ohun tí a gé: ’90s. Kọ̀ǹpútà sábà máa ń yí àmì náà sódì níbẹ̀, bí ẹni pé ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àyọlò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì pa ti àkọ́kọ́ rẹ́.

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n mo ti rí 1990's àti Ph.D.'s nínú ìwé àwọn òyìnbó fúnra wọn.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Ìwé ìròyìn The New York Times ti Amẹ́ríkà fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ 1990's. Ní ti Ph.D.'s, ó wọ́pọ̀ nígbà tí àmì ìdánudúró ṣì máa ń wà láàárín àwọn lẹ́tà, nítorí pé s tí ó bá tẹ̀lé àmì ìdánudúró kì í dùn ún wò. Lóde òní tí ọ̀pọ̀ ti yọ àmì ìdánudúró wọ̀nyí kúrò, kò sí ohun tí apọ́sítírọ́fì ń ṣe níbẹ̀ mọ́: PhDs, MAs. Ní Èkìtì, níbi tí ó ṣòro láti rí ìwé ètò ayẹyẹ tí kò ní orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n kan nínú, ó yẹ kí a mọ bí a ṣe ń kọ oyè yìí.

Ìbéèrè: Ǹjẹ́ gbogbo ìkékúrú ni ó ń gba s?

Ìdáhùn: Rárá. Àpò sìmẹ́ǹtì jẹ́ 50 kg, kì í ṣe 50 kgs. Ojú ewé kan ni p., ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ni pp.

Ìbéèrè: Ọmọ mi gba A púpọ̀. Báwo ni n ó ṣe kọ ọ́?

Ìdáhùn: Ibí yìí ni a ti lè gba apọ́sítírọ́fì láàyè, A's, nítorí pé bí kò bá sí níbẹ̀, ẹni tí ń kà á lè pè é ní ọ̀rọ̀ “As”. Bí ó bá jẹ́ èsì WAEC ni, nọ́ńbà ti wà lára rẹ̀, kò sì sí ohun tí ó lè ru ojú: A1s, B2s.

Ìbéèrè: Wọ́n ní apọ́sítírọ́fì kò dára, mo sì yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Kí ló dé tí wọ́n tún ní ìwé mi kò tọ̀nà?

Ìdáhùn: Ta ni ó sọ pé apọ́sítírọ́fì kò dára? Iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni a ní kí ẹ má fi rán an. Ara iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti fi ẹni tí ó ni nǹkan hàn, ẹni tí ó bá sì pa á rẹ́ níbẹ̀ ti ba ìtumọ̀ jẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ń tún ṣe, èyí ni ó máa ń gba àkókò mi jù.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kan ní agbègbè Ìjerò gbé ìròyìn ọdọọdún wọn wá fún mi. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà ní ìlú náà ju ẹyọ kan lọ, PTA kọ̀ọ̀kan ní àpò owó tirẹ̀, gbogbo wọn sì tún jọ ní àpò àjọní kan. Ẹni tí ó tẹ ìwé náà kọ́kọ́ kọ PTA's síbi gbogbo, ìbáà jẹ́ ẹyọ, ìbáà jẹ́ ọ̀pọ̀. Nígbà tí wọ́n wí fún un pé kò tọ̀nà, ó tẹ Replace All, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ di PTAs lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mo ṣe wá ń ka “the PTAs account” láti ojú ewé kan dé òmíràn nìyẹn, tí n kò lè sọ bóyá àpò ilé ẹ̀kọ́ kan ni tàbí àpò àjọní. Gírámà nìkan kò lè yanjú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ owó ìlú ni, tí wọn yóò kà sókè ní ìpàdé.

Mo ní kí akọ̀wé náà wá jókòó tì mí pẹ̀lú ìwé ìṣirò owó wọn. A fi Find wá PTAs lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń bi í ní Yorùbá pé kí ni ó ní lọ́kàn. Bí ó bá ní “àwọn PTA”, a ó fi PTAs sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ní “ti PTA”, ẹyọ kan ni ó ni nǹkan náà: PTA's. Bí ó bá ní “ti àwọn PTA”, apọ́sítírọ́fì yóò bọ́ sẹ́yìn s: PTAs'. Ọ̀nà yìí kò tíì já mi kulẹ̀ rí, mo sì ń bẹ̀ yín kí ẹ lò ó kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Nígbà tí a rò pé ó ti parí, a tún rí àwọn kan tí kò yí padà rárá. Àmì tí ó wà lápá òsì lókè kíbọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà 1, ni wọ́n fi tẹ̀ wọ́n: PTA`s. Ojú ènìyàn kì í tètè yà á sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni kọ̀ǹpútà kà á sí, ìdí nìyẹn tí Replace All fi fò wọ́n. Lọ́tọ̀ ni kí ẹ wá a.

Ìbéèrè: Lẹ́tà ńlá ni gbogbo àkọlé mi. Ṣé kì í ṣe LGAS ni yóò jẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí s wà ní kékeré: CHAIRMEN OF THE 16 LGAs. Bí Word bá kọ̀ tí ó ń sọ ọ́ di ńlá, All Caps ni wọ́n fi sí orí àkọlé náà. Ẹ yan s nìkan, kí ẹ yọ All Caps kúrò lórí rẹ̀. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ LOCAL GOVERNMENTS ní kíkún.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni kí n gbé ìwé náà fún ẹni tí ó mọṣẹ́?

Ìdáhùn: Bí ó bá jẹ́ CV tàbí ìwé ìpè, ohun tí ẹ ti kà yìí tó. Bí ó bá jẹ́ ìròyìn owó, òfin ẹgbẹ́ tàbí àdéhùn, ẹ gbé e wá kí ẹ tó tẹ Replace All, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Fáìlì Word ni kí ẹ mú wá, kì í ṣe PDF, kí ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì bá yín wá, nítorí pé òun nìkan ni ó lè sọ bóyá ẹyọ kan tàbí ọ̀pọ̀ ni ó ni nǹkan náà.