Bí mo ṣe fi páìpù àti dúrọ́ọ̀mù omi wọn eré ohùn

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní SS2 ló bi mí pé, "Àǹtí, báwo ni wọ́n ṣe mọ bí ohùn ṣe ń sáré tó?" Mo ní kó jẹ́ ká wọ̀n ọ́n.

A pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìnkùlé. A ki páìpù oníke bọ̀ ọ́ lóòró. Ó gùn ní mítà kan, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5. Mo ṣí áàpù kan tó ń dún ní ohùn kan ṣoṣo lórí fóònù, mo fi í sí 440 Hz: kó máa gbọ̀n nígbà 440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo gbé fóònù sókè ẹnu páìpù, ọmọ náà ń fa páìpù sókè díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí páìpù yọ sókè omi ní sẹ̀ǹtímítà 18.3, ohùn náà ròkè lójijì. A ò fọwọ́ kan fóònù o! Ìgbì ohùn ń wọlé, ó ń kan omi, ó ń padà. Bí gígùn afẹ́fẹ́ inú páìpù bá wẹ́kú, èyí tó ń padà á bá èyí tó ń wọlé mu, wọn á jọ máa lágbára sí i. Bí ìgbà téèyàn ń ti ọmọdé lórí jáńgílọ́fà ni: bí a bá ń tì í lásìkò tó yẹ, agbára díẹ̀ ti tó. Òun ni wọ́n ń pè ní résónáǹsì.

Gígùn yẹn yẹ kó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ìgbì. Mo fi 4 sọ 18.3 di púpọ̀, mo tún fi 440 sọ ọ́ di púpọ̀: mítà 322 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó kéré. Nínú ooru 30°C ọjọ́ yẹn, ó yẹ kó sún mọ́ 349.

Ọkàn mi ò balẹ̀ títí mo fi rántí pé ìgbì kì í tán sí ẹnu páìpù gan-an. Ó máa ń yọ síta díẹ̀, tépù ò sì lè wọn ìyẹn. A tún fa páìpù sókè, ohùn tún ròkè ní 58: ìyẹn yẹ kó jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìgbì. Bó ṣe yọ síta lákọ̀ọ́kọ́ náà ló ṣe yọ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí náà bí a bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, àṣìṣe náà bá a lọ. Ó ku 39.7, ìdajì ìgbì gẹ́lẹ́. Ìgbì odindi jẹ́ 79.4. Ní ìlọ́po 440, ó di mítà 349.

Ọmọ náà pariwo. Ó gba fóònù, ó yí i sí 512, ó ṣírò sórí bébà pé àlàfo láàárín ibi méjèèjì tí ohùn ti máa ròkè máa wá sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 34, ó sì ní kí n di tépù mú.