Alárinà tí kì í kó nǹkan pamọ́

Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni Alhaji tó ni ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan ní Tanke, ní Ìlọrin níbí, pè mí. Kò tilẹ̀ dúró gbọ́ ìkíni mi. "Ìwọ, ṣebí o ní ẹ̀rọ yẹn á máa bá wa ṣọ́ dátà? Dátà ti tán o, oṣù ò tíì dé ìdajì!" Mi ò lè bá a jiyàn. Ẹnu mi ni mo fi ṣèlérí.

Ohun tí mo ṣe fún un ni pé mo gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan sáàárín ráútà àti kọ̀ǹpútà mẹ́rìnlá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò. Squid ló wà lórí rẹ̀, dnsmasq sì ń pín àdírẹ́sì fún àwọn yòókù, ó tún ń júwe ibi tí orúkọ ìkànnì kọ̀ọ̀kan wà fún wọn (iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní DNS). Alárinà ni Squid: tí ẹ̀rọ kan bá ti fa update Ubuntu, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà wọn, wálẹ̀, ó yẹ kó fi ẹ̀dà kan pamọ́, kí mẹ́tàlá yòókù wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìná dátà mìíràn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò mọ̀ pé alárinà kankan wà, torí iptables, ọlọ́pàá ojú ọ̀nà inú Linux, ló ń já ìbéèrè tó bá gba port 80 (ẹnu ọ̀nà ìkànnì tí kò lẹ àpò rẹ̀) gbà lójú ọ̀nà:

iptables -t nat -A PREROUTING -i eth1 -p tcp --dport 80 -j REDIRECT --to-port 3129

Nínú squid.conf, fáìlì tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún Squid, mo kọ http_port 3129 intercept. Mo fi 3128 sílẹ̀ lọ́tọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí proxy, ìyẹn alárinà náà. Ẹ má da méjèèjì pọ̀ sórí port kan o, ojú mi ti rí nǹkan nídìí ìyẹn rí.

Àárọ̀ Sátidé ni mo débẹ̀. Mo ṣí access.log, ìwé tí Squid ń kọ gbogbo ìbéèrè sí, sílẹ̀ pẹ̀lú tail -f kí n lè máa wò ó bó ṣe ń lọ, mo ní kí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ update lọ́kọ̀ọ̀kan. TCP_MISS. TCP_MISS. TCP_MISS títí ojú ìwé fi kún. Ìyẹn ni pé Squid wo inú àká rẹ̀, kò bá nǹkan kan níbẹ̀, ó tún gbéra lọ sọ́jà.

Ẹ̀bi kìíní, tèmi ni. Tí èèyàn ò bá ṣí cache_dir, ìyẹn àká orí dísìkì, inú mẹ́mọ́rì nìkan ni Squid ń kó nǹkan sí, 256 MB péré, ohun tó bá sì ju 512 KB lọ kò ní wọ ibẹ̀. Lórí dísìkì pàápàá, 4 MB ni òpin tó bá Squid wá. Linux-firmware, páálí kan ṣoṣo lára update Ubuntu 22.04, nìkan ju 200 MB lọ! Mo kọ èyí:

maximum_object_size 1 GB
cache_dir ufs /var/spool/squid 20000 16 256

Ìlà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà lókè èkejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ cache_dir lè má kà á sí. Mo dá Squid dúró, mo ṣe squid -z kó lè to àká tuntun náà, mo tún un gbé dìde. Bí mo ṣe ní kí n dán an wò báyìí niná lọ. A dúró de jẹnẹrétọ̀.

Nígbà tá a padà, ẹ̀rọ kìíní sí ìkẹfà ń gba TCP_HIT wọ́ọ́rọ́wọ́, ìyẹn ni pé Squid bá a nínú àká. Láti ìkeje lọ, MISS ṣì ni. Squid kan náà, fáìlì kan náà! Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé cache.log, ìwé tí Squid ń kọ ìkìlọ̀ sí, wà. Ohun tí mo bá níbẹ̀ rèé:

SECURITY ALERT: Host header forgery detected (local IP does not match any domain IP)

Forgery, ìyẹn ayédèrú, kẹ̀? Mo yíjú wo ọmọkùnrin tó jókòó sídìí ẹ̀rọ kẹsàn-án, ẹni tí mo ti ń fura sí látàárọ̀ torí bó ṣe ń yára tẹ nǹkan. Díẹ̀ ló kù kí n bi í pé kí ló ń ṣe. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo kọ́kọ́ ṣí Network lórí ẹ̀rọ rẹ̀: ẹnìkan ti fọwọ́ tẹ 8.8.8.8, DNS ti Google, síbi DNS. Olùkọ́ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ṣe é bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀rọ mẹ́jọ.

Ẹ lọ béèrè ilé Alfa lọ́wọ́ èèyàn méjì ní Ìlọrin, kí ẹ wò ó bóyá ilé kan náà ni wọ́n á júwe. Bí archive.ubuntu.com, níbi tí update Ubuntu ti ń wá, ṣe rí nìyẹn, àdírẹ́sì rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀rọ kẹsàn-án bi Google, wọ́n júwe ilé kan fún un. Squid bi dnsmasq, wọ́n júwe òmíràn. Láti Squid 3.2 ló ti máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá orúkọ tí ẹ̀rọ dá bá ilé tó ń lọ mu, torí ihò ààbò kan tí wọ́n ń pè ní CVE-2009-0801. Tí kò bá mu, á jẹ́ kí ìbéèrè náà kọjá, ṣùgbọ́n kò ní fi èsì rẹ̀ pamọ́, kí ayédèrú má baà ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù. Lójú tèmi, ó tọ̀nà. Àmọ́ ta ní lè mọ̀ látinú MISS lásán?

Mo kọ dns_nameservers 127.0.0.1 (ẹ̀rọ alárinà fúnra rẹ̀, níbi tí dnsmasq wà) fún Squid, kó má baà lọ bi ẹlòmíràn láé, mo ṣe squid -k reconfigure, mo sì fipá darí gbogbo ìbéèrè DNS sọ́dọ̀ dnsmasq, ẹ̀rọ yòówù kó máa dárúkọ 8.8.8.8:

iptables -t nat -A PREROUTING -i eth1 -p udp --dport 53 -j REDIRECT --to-port 53

Mo ṣe ti tcp náà. Ọmọ ẹ̀rọ kẹsàn-án tún un ṣe. TCP_HIT/200, HIER_NONE: Squid ò lọ sọ́jà rárá. Linux-firmware wọlé kó tó mu omi inú ike rẹ̀ tán. "Bọ̀ọ́dà, ó ti parí ni?"

Alhaji yọ, ó wá bi mí: "YouTube ńkọ́?" Mo ṣàlàyé pé port 443 ni YouTube ń gbà, inú àpò tí wọ́n ti lẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ sì wà, Squid ò lè tú u wò. Apt, irinṣẹ́ tí Ubuntu fi ń fa update, ní tiẹ̀ ń gba port 80 torí pé ó máa ń yẹ òǹtẹ̀ ara páálí wò fúnra rẹ̀. Ó ronú díẹ̀, ó mú máákà, ó lọ kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó: KÒ SÍ YOUTUBE.