Kí Ẹ Tó Ra Tọ́bò Mìíràn: Bí A Ṣe Ń Wádìí Ọkọ̀ Tọ́bò Tí Kò Lágbára Mọ́

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, alàgbà kan tí a jọ ń gbé àdúgbò kan náà ní Kubwa pè mí pé ọkọ̀ àwọn kò lè gun òkè mọ́. Bí wọ́n bá tẹ iná mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnì á máa ké, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò ní fà. Kí wọ́n tó pè mí, mẹkáníìkì kan ti sọ fún wọn pé tọ́bò ti kú. Wọ́n ti ra tòkunbọ̀, wọ́n ti san owó iṣẹ́, ọkọ̀ náà sì wà bó ṣe wà. Nígbà tí a tú ike tó bo abẹ́ ọkọ̀, a rí i pé róbà tó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sínú intercooler, ohun tó ń tu afẹ́fẹ́ náà lára, ti la ní ìsàlẹ̀, níbi tí ojú kò tó, ìlà náà kò sì gùn ju àtàǹpàkò lọ. Tọ́bò tí wọ́n tú jù sí ẹ̀gbẹ́ kan kò ní àìsàn kankan. Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, nítorí pé omi ọṣẹ àti ogún ìṣẹ́jú péré ni ì bá ti tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé tọ́bò gan-an ni ohun tó yẹ kí a dẹ́bi fún kẹ́yìn.

Tọ́bò kò ní agbára tirẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ kékeré méjì ni, tí ọ̀pá kan so pọ̀. Èéfín gbígbóná tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnì ló ń yí èkíní. Bí èkíní bá ti ń yí, èkejì á máa fa afẹ́fẹ́ gba inú fílítà wọlé, á sì máa fún un pọ̀ lọ sínú ẹ́ńjìnì. Ọ̀pá náà lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ a máa gbóná, nítorí náà ó ní láti kọ́kọ́ gba inú intercooler, tó rí bíi rédíétọ̀, kí ó lè tutù. Kí ìfúnpá má baà pọ̀ jù, ilẹ̀kùn kékeré kan wà lápá ibi tí èéfín ń gbà, tí a ń pè ní wastegate. Bí ó bá ṣí, apá kan nínú èéfín náà á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá láì yí abẹ̀bẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box, ló ń pàṣẹ fún ilẹ̀kùn yìí, sẹ́ńsọ̀ kan tó ń jẹ́ MAP ló sì ń sọ iye ìfúnpá tó dé ẹ́ńjìnì fún un. Ohun tó bá lé lórí ìfúnpá afẹ́fẹ́ ìta ni a ń pè ní boost. Ẹni tó bá ti mọ ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ àti èéfín ń tọ̀ yìí ti mọ gbogbo ibi tí agbára lè gbà sá lọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ bi ẹni tó ń wa ọkọ̀ léèrè dáadáa, tàbí kí ẹ bi ara yín. Ṣé díẹ̀díẹ̀ ni agbára náà ń dínkù, àbí lójijì ló lọ? Ṣé ó máa ń padà bí a bá pa ọkọ̀ tí a sì tún tan án? Bí ó bá ń padà bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà ló rí ohun kan tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, tó sì mọ̀ọ́mọ̀ dín agbára kù láti dáàbò bo ẹ́ńjìnì. Bí ẹ bá ń gbọ́ ìró ṣíì bí ẹni tú afẹ́fẹ́ táyà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ iná, ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ máa jò lẹ́yìn tọ́bò. Bí irin kan bá ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ fura sí ilẹ̀kùn wastegate tó ti jẹ. Èéfín aláwọ̀ aró túmọ̀ sí pé ọ́ìlì ń jóná. Èéfín dúdú túmọ̀ sí pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, èyí sì sábà máa ń tẹ̀lé jíjò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lo ẹ̀rọ sikánà, kí ẹ sì lò ó kí ẹnikẹ́ni tó yọ bátìrì, nítorí pé yíyọ bátìrì lè pa ohun tí kọ̀ǹpútà ti kọ sílẹ̀ rẹ́. Àwọn sikánà kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ tó fún iṣẹ́ yìí, bí ó bá ṣáà lè fi nọ́ńbà hàn bí ọkọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Kóòdù P0299 ń sọ pé boost kéré sí èyí tí kọ̀ǹpútà béèrè. P0234 ń sọ pé ó pọ̀ jù. P0171 ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ nínú ẹ́ńjìnì, ó sì lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ kan ń gba ẹ̀yìn wọlé láì gba iwájú sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí i pé P0299 kò sọ pé tọ́bò ti kú. Bí ẹni tó wo sikánà náà fún yín bá sọ bẹ́ẹ̀ láì tíì fọwọ́ kan róbà kankan, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa gbé ọkọ̀ yín lọ. Bí kóòdù P0300 tàbí àwọn àbúrò rẹ̀ bá wà níbẹ̀, èyí tó ń sọ pé epo kò jóná bó ṣe yẹ nínú ẹ́ńjìnì, plọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, nítorí pé plọ́ọ̀gì tó ti jẹ lè máa tanná dáadáa nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn jẹ́ẹ́, kí ó sì kú nígbà tí boost bá dé.

Nísinsìnyí, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ títí iná dáṣíbọ́ọ̀dù yóò fi tàn, ṣùgbọ́n ẹ má tan ẹ́ńjìnì. Ẹ wo iye tí MAP ń kà. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnì kò ṣiṣẹ́, ìfúnpá afẹ́fẹ́ ìta nìkan ló yẹ kí ó kà, ibi tí ẹ wà ló sì ń pinnu iye náà. Ní Èkó, létí òkun, ó máa ń tó 101 kPa (kPa ni òṣùwọ̀n ìfúnpá). Ní Àbújá, tó ga ju òkun lọ ní nǹkan bí mítà 400, ó máa ń wà láàárín 95 sí 97. Ní Jos, tó ga tó nǹkan bí mítà 1,200, kì í ju bíi 88 lọ. Bí ẹ bá wà ní Wuse tí sẹ́ńsọ̀ ń kà 80 tàbí 110, sẹ́ńsọ̀ náà tàbí wáyà rẹ̀ ló ń purọ́, kò sì sí ìdí láti tú ohun mìíràn títí ẹ ó fi yanjú rẹ̀.

Gíga ilẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ọdún 1918, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà kan, Sanford Moss, gbé ẹ́ńjìnì ọkọ̀ òfuurufú gun òkè Pikes Peak, tó ga tó nǹkan bí mítà 4,300, kí ó lè dán an wò bóyá tọ́bò lè dá agbára tí afẹ́fẹ́ fífúyẹ́ gbà padà. Ó sì dá a padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni tọ́bò ọkọ̀ yín ṣe ń ṣe bí ẹ bá ń gòkè láti Akwanga lọ sí Jos: ó ní láti yí kíákíá ju bó ṣe ń yí ní Èkó lọ kí ó tó lè mú ìfúnpá kan náà wá. Nítorí náà, jíjò kékeré tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ní Èkó lè di àárẹ̀ ńlá lórí òkè Jos, tí onímọ́tò yóò sì máa rò pé epo tí òun rà lójú ọ̀nà ni kò dára.

Ẹ tan ẹ́ńjìnì. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ti pẹtiróòlù, tó sì dúró lójú kan jẹ́ẹ́ lẹ́yìn tó ti gbóná, MAP sábà máa ń wà láàárín 30 sí 45 kPa. Bí ó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fura sí afẹ́fẹ́ tó ń jò wọlé. Ti dísù kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó lè máa ka iye tó súnmọ́ ti afẹ́fẹ́ ìta. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọkọ̀ lọ sí ọ̀nà tó tẹ́jú tí kò ní èrò, láàárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹnì kejì jókòó tì yín láti máa wo sikánà. Awakọ̀ kò gbọdọ̀ máa wo fóònù. Ẹ fi jíà kẹta rìn, kí ẹ tẹ iná mọ́lẹ̀ láti 2,000 títí dé bíi 4,500 lórí aago ẹ́ńjìnì, láì kọjá ìwọ̀n eré tí òfin gbà. Kí ẹnì kejì kọ iye tí kọ̀ǹpútà béèrè àti iye tó rí gbà sílẹ̀. Bí iye tó béèrè gan-an bá kéré, ohun kan ló ń dí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, ó lè jẹ́ ooru tàbí epo burúkú. Bí ó bá béèrè 180 kPa tó sì rí 130, ẹ̀yin àti òun ti jọ mọ̀ pé àìsàn wà.

Fílítà afẹ́fẹ́ ló kàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀. Eruku ọyẹ́ láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì lè dí fílítà ní ìlàjì àkókò tí ìwé ọkọ̀ kọ, pàápàá fún ẹni tó ń lọ sí Kánò tàbí Kàtsínà. Ẹ má fi afẹ́fẹ́ tí a fi ń fẹ́ táyà gbọ̀n ọ́n, nítorí pé ó máa ń ya bébà inú rẹ̀, eruku á sì dé ibi abẹ̀bẹ̀ tọ́bò. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi sùúrù sí jù lọ ni wíwá ibi tó ń jò. Àwọn kan ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ èéfín sínú ẹ́ńjìnì, ó sì dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní i lè ṣe tirẹ̀. Ẹ wá ìdérí páìpù omi tó bá ẹnu róbà tó wọ inú tọ́bò mu, ẹ lu ihò sí àárín rẹ̀, kí ẹ sì ki imú táyà bọ inú ihò náà. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti tutù pátápátá, ẹ tú róbà fílítà kúrò, ẹ fi ìdérí yìí sí ẹnu tọ́bò, ẹ fi kílípù dì í, kí ẹ wá fi ẹ̀rọ tí a fi ń fẹ́ táyà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju 10 psi lọ. Ẹ má dúró sí ọ̀kánkán ìdérí náà, nítorí pé ó lè ta dànù, ẹ má sì fi ọwọ́ sí ibi bẹ́líìtì, nítorí pé afẹ́fẹ́ lè yí ẹ́ńjìnì díẹ̀. Ẹ wá máa fi omi ọṣẹ wọ́n gbogbo róbà, gbogbo ìdè àti igun méjèèjì intercooler; ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ló ń jò. Ẹ fi ọwọ́ kan abẹ́ róbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé ooru Àbújá ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin a máa mú kí róbà tó ti pẹ́ rọ̀, kí ó sì la nígbà tí ìfúnpá bá wọ inú rẹ̀ nìkan. Níbi tí ọ́ìlì bá ti dọ̀tí yí ìdè kan ká, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá gbọ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ nínú síléńsà tàbí níbi tí a ń da ọ́ìlì sí, ẹ má bẹ̀rù, nítorí pé fáàfù kan máa ń ṣí sílẹ̀ nínú ẹ́ńjìnì tó dúró. Bí ọkọ̀ pẹtiróòlù yín bá ní fáàfù tó ń dá afẹ́fẹ́ padà nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ tú u wò, nítorí pé awọ inú rẹ̀ máa ń ya.

Bí ohunkóhun kò bá jò, ẹ yí sí wastegate. Bí ilẹ̀kùn náà bá há ní ṣíṣí, boost kò ní pé. Bí ó bá há ní títì, boost yóò pọ̀ jù, èyí sì léwu ju àkọ́kọ́ lọ. Ẹ wo ọ̀pá tó ń fà á àti agolo kékeré tó ń mú ọ̀pá náà rìn: ẹ fi ẹ̀rọ ìfẹ́ kékeré tí a ń fi ọwọ́ lò fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú agolo náà, kí ẹ rí i bóyá ọ̀pá ń rìn geere, bóyá agolo sì di afẹ́fẹ́ náà mú. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé fífa afẹ́fẹ́ kúrò ló ń mú wọn rìn, ti òmíràn sì jẹ́ mọ́tò iná tí sikánà nìkan lè pàṣẹ fún. Ẹ tọ róbà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ sí solenoid rẹ̀, ìyẹn fáàfù kékeré tó ń fi iná ṣiṣẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó máa ń gbẹ, ó sì máa ń fọ́ bí ewé gbígbẹ. Nínú dísù, àwọn ewé irin kékeré inú tọ́bò lè lẹ̀ mọ́ra nítorí èérí èéfín. Ẹ má gbàgbé síléńsà: catalytic converter, ohun tó ń sọ èéfín di mímọ́, kò ní jẹ́ kí èéfín lọ bí ó bá ti dí, èéfín tó bá sì ń jò kí ó tó dé tọ́bò kò lè yí abẹ̀bẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kí ẹ tó wo tọ́bò fúnra rẹ̀. Nígbà tó bá tutù, ẹ di ọ̀pá rẹ̀ mú. Mímì díẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì kò burú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè fà á síwájú kí ẹ sì tì í sẹ́yìn, tàbí bí abẹ̀bẹ̀ bá ń ha ara ilé rẹ̀, ó ti parí. Ọ́ìlì fẹ́lẹ́ nínú róbà kò fi dandan jẹ́ àìsàn. Kí ó kún débi pé ó ń kán sílẹ̀ ni àìsàn. Bí ẹ bá wá gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ wá ohun tó pa á, nítorí pé páìpù ọ́ìlì tó dí yóò pa èyí tuntun pẹ̀lú. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, fílítà rẹ̀ àti páìpù tó ń gbé e lọ, ẹ fọ inú intercooler kí irin àfọ́kù má baà wọ ẹ́ńjìnì, kí ẹ sì da ọ́ìlì díẹ̀ sí ihò orí tọ́bò kí ẹ tó tan ọkọ̀.

Lẹ́yìn àtúnṣe èyíkéyìí, ẹ pa kóòdù rẹ́, ẹ padà sí ọ̀nà kan náà, ní jíà kan náà, kí ẹ sì tún ka nọ́ńbà. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé kékeré tí ẹ ó máa fi sínú ọkọ̀: ọjọ́, ibi tí ẹ wà, ohun tí MAP kà kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnì, iye tí kọ̀ǹpútà béèrè àti iye tó rí gbà.