Bí Mo Ṣe Ka Ewéko Nínú Igbó Tí A Ń Mú Bọ̀ Sípò

Ní àsìkò iṣẹ́ ìwádìí tó kọjá, iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n padà lọ ka ewéko inú igbó kan tí wọ́n ti gé tán rí, tí wọ́n sì ń mú bọ̀ sípò báyìí. Ojú ibi tí wọ́n kà lọ́dún tó ṣáájú gan-an la gbọ́dọ̀ tún kà, ní àkókò kan náà nínú ọdún, nítorí àwọn ewéko kan kì í hàn lórí ilẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Ẹni tó bá pẹ́ dé yóò rò pé wọ́n ti kú.

Wíwá ojú ibẹ̀ ló gbà mí lákòókò jù. Ẹ̀rọ GPS lè fi mítà mélòó kan ṣìnà lábẹ́ igi tó ṣú, bẹ́ẹ̀ ibi tí mo ń wá kò ju mítà 1 lóròó àti mítà 1 níbùú. Ní ibi kẹta, n kò rí ọ̀pá irin tí wọ́n fi sàmì sí igun. Mo fojú dá a, mo tẹ́ férémù, ìyẹn igi onígun mẹ́rin tó fẹ̀ tó ojú ibi tí a ń kà, sílẹ̀, mo sì ti kà á fún bí 40 ìṣẹ́jú kí n tó rí i pé kò sí ọ̀kankan níbẹ̀ nínú àwọn ọmọ igi tó wà nínú ìwé tí wọ́n kọ lọ́dún tó ṣáájú. Mo fa ìlà lé gbogbo ohun tí mo ti kọ. Mo wá fa téèpù láti ara igi méjì tí wọ́n kan nọ́ńbà mọ́, bí ìwé ṣe sọ pé igun náà jìnnà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó. Ojú ibi méjì ni irú téèpù bẹ́ẹ̀ lè ti pàdé, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Kọ́ńpáàsì ló fi èyí tó tọ́ hàn mí. Abẹ́ ewé gbígbẹ ni mo ti bá ọ̀pá náà, ó ti wó.

Ẹ̀yìn férémù ni mo kúnlẹ̀ sí, nítorí ẹsẹ̀ olùwádìí náà a máa pa ewéko. Ọmọ igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ló ṣòroó dá mọ̀ jù, torí ewé méjì àkọ́kọ́ tó ń yọ kì í sábà jọ ti ìyá rẹ̀. Ọ̀kan wà tí èèpo hóró rẹ̀ ṣì dé e lórí bíi fìlà; èèpo yẹn ni mo fi mọ̀ ọ́n. Èyí tí n kò dá mọ̀, mo ya àwòrán rẹ̀, n kò sì tu ú: ẹni tó bá tu ọmọ igi inú férémù ti ba èsì ọdún tó ń bọ̀ jẹ́.

Nígbà tó kan bí ewéko ṣe bo ilẹ̀ tó, mo sọ pé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, alábàáṣiṣẹ́ mi sọ pé 25. A gé páálí kan ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 10, èyí tó jẹ́ ìdá 1 péré nínú ọgọ́rùn-ún férémù náà, a sì ń gbé e lé orí ewé títí ojú wa fi bára mu. Èmi ni mo sọ ọ́ pọ̀ jù. Wíwọn igi ńlá kò le: mítà 1.3 sókè láti ilẹ̀ ni a ti ń wọ̀n ọ́n, a ó sì gbé ìtàkùn kúrò lábẹ́ téèpù.

Apá tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ láìgbin nǹkan kan, kí wọ́n lè fi wé èyí tí wọ́n gbìn, ni mo kà kẹ́yìn. Kò sí ọmọ igi kan ṣoṣo níbẹ̀. Mo kọ 0, n kò fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, nítorí bí ó bá ṣófo, ẹni tí yóò ka ìwé náà kò ní mọ̀ bóyá a wò ó ni tàbí a gbàgbé.