Àyẹ̀wò C-peptide: Bí Wọ́n Ṣe Jẹ́ Kí Ẹ̀jẹ̀ Mi Bàjẹ́ Ní Lábù

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó àyẹ̀wò kan ṣoṣo, owó ọ̀hún sì ju ti ínsúlíìnì oṣù kan lọ. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, inú ṣì ń bí mi.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì nítorí àtọ̀gbẹ. Dókítà mi n'Íbàdàn wá fẹ́ mọ̀ bóyá pancreas mi, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn ikùn, ṣì ń ṣe ínsúlíìnì díẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí wọ́n bá wọn ínsúlíìnì gan-an nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí mò ń gún á ti dà pọ̀ mọ́ ti ara mi. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èròjà kan tó ń jẹ́ C-peptide ni wọ́n ń wọ̀n. Bí ara bá ṣe ń ṣe ínsúlíìnì, bẹ́ẹ̀ náà ni C-peptide ń jáde pẹ̀lú rẹ̀ ní iye kan náà, kò sì sí i nínú ìgò tí à ń rà ní ilé oògùn. Èyí tí wọ́n bá rí níbẹ̀, ti ara ẹni ni.

Fífa ẹ̀jẹ̀ kò ní wàhálà. Ìgò tí wọ́n fà á sí ló dá gbogbo rẹ̀ rú. Ìgò onídèrí pupa ni wọ́n lò. Ẹ̀jẹ̀ inú irú ìgò yẹn gbọ́dọ̀ tètè dé inú ẹ̀rọ tó ń yí i, kí wọ́n sì gbé omi orí rẹ̀ sínú fíríísà, torí C-peptide máa ń bàjẹ́ níbi tó bá gbóná. Èkó ni wọ́n ń fi tèmi ránṣẹ́ sí. Iná ti lọ láti àárọ̀, mi ò sì gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ kankan.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kò ní bàjẹ́ báyìí?"

"Bọ̀dá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ó ti pẹ́ tá a ti ń ṣe é."

Èsì jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nǹkan kan níbẹ̀. Oorun ò kun ojú mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìgbà tí dókítà rí i, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé irú ìgò wo ni wọ́n lò, àti pé èló ni ṣúgà mi wà lásìkò tí wọ́n fà á. Wọn ò wọn ṣúgà rárá! Ó ní òun ò lè fi èsì yẹn ṣe nǹkan kan. Mo padà lọ béèrè owó mi, wọ́n ní èsì ti jáde, owó ti wọlé. Ìwà wo nìyẹn sí aláìsàn?

Lẹ́ẹ̀kejì, dókítà kọ ọ́ sínú ìwé: ìgò onídèrí elésè-àlùkò, èyí tó ní EDTA, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Nínú ìyẹn, C-peptide lè lo wákàtí 24 láìsí yìnyín. Ó ní kí n jẹun kí n tó lọ, torí bí ṣúgà bá wà lábẹ́ 72 mg/dL, pancreas á dín ínsúlíìnì tó ń ṣe kù, èsì á sì tannijẹ. Mo jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì, mo gún abẹ́rẹ́ mi, mo sì gbé ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ṣúgà dání. Wọ́n ní ebi ló yẹ kó wà nínú mi. Mo fi ìwé dókítà hàn wọ́n, mi ò sì yẹ̀. Ṣúgà mi jẹ́ 162, èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù.

Èsì: 0.85 ng/mL. Tẹ́ ẹ bá fi 0.331 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di bíi 0.28 nmol/L. Tó bá wà lábẹ́ 0.2, wọ́n á ní ara ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe ínsúlíìnì mọ́. Tèmi ṣì ń ṣe! Inú mi dùn gan-an, torí ẹni tó bá ṣì ní díẹ̀, ṣúgà kì í sábà já a lulẹ̀ bíi ti ẹni tí kò ní rárá. Ìyẹn ò ní kí n pa abẹ́rẹ́ tì o. Mi ò dá a dúró lọ́jọ́ kan, mi ò sì ní gbọ́ ti ẹni tó bá ń ta àgbo fún mi.

Tí kíndìnrín yín bá ní wàhálà, ẹ sọ fún dókítà, torí kíndìnrín ló ń mú C-peptide kúrò lára, èsì lè wá ga ju bó ṣe yẹ lọ. Kẹ́ ẹ tó sanwó ní lábù èyíkéyìí, ẹ béèrè àwọ̀ ìdèrí ìgò tí wọ́n máa lò. Bí wọn ò bá lè dáhùn, ẹ gba ibòmíràn lọ.