Bí a ṣe lọ bá aṣòfin wa lórí owó ìgbógunti fífi ọmọdé ṣiṣẹ́

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ fagi lé owó tí ẹ̀ka rẹ̀ tó ń jẹ́ ILAB ń ná nílẹ̀ òkèèrè láti gbógun ti fífi ọmọdé ṣiṣẹ́ àti fífi tipátipá múni ṣiṣẹ́. Owó náà lé ní mílíọ̀nù 500 dọ́là. Maryland ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ Abẹ́òkúta ni mí. Lọ́dún 2003, ibi ìfọ́kùúta lágbègbè wa ni àwọn ọlọ́pàá ti kó àwọn ọmọdé láti orílẹ̀-èdè Benin jáde, tí wọ́n sì dá wọn padà sílé. Zakpota, ìlú kan ní Benin níbẹ̀, ni wọ́n ti kó púpọ̀ nínú wọn wá. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fọ́ là ń rà da kọnkéré. Òkúta, kòkó àti wúrà Nàìjíríà sì wà nínú ìwé tí ILAB gbé jáde ní 2024 lórí ọjà tí ọmọdé ń ṣe.

Láti bẹ aṣòfin wa lórí owó yìí, nọ́ńbà Congress, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, 202-224-3121, ni mo kọ́kọ́ pè. Wọ́n so mí pọ̀ mọ́ ọ́fíìsì aṣòfin wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé e, ó béèrè orúkọ mi àti zip code, ó ní òun á jíṣẹ́. Ó parí náà nìyẹn. Iye irú ìpè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kàn ń kà.

Inú fọ́ọ̀mù ni iṣẹ́ gidi wà. Bí ọdún bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ aṣòfin máa ń gbé fọ́ọ̀mù ìbéèrè ìṣúná sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í sì í pẹ́ tí wọ́n fi ń tì í. Kò sí ibi tí èèyàn ti lè kọ "ẹ ṣàánú àwọn ọmọdé" níbẹ̀. Òfin ìṣúná wo? Labor-HHS, èyí tó wà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ìlera àti ẹ̀kọ́. Abẹ́ àkáǹtì wo? Departmental Management, níbi tí owó ILAB wà. Èló? Mo kọ mílíọ̀nù 116 dọ́là àti díẹ̀, iye tí Congress fún ILAB ní 2024. Mo tún bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé iṣẹ́ yìí gan-an ni kí wọ́n ná an sí, nítorí Congress ti bu owó tẹ́lẹ̀ rí, ìjọba sì fagi lé e.

Lẹ́yìn náà ni èmi àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa kan lọ rí obìnrin tó ń bá aṣòfin náà ṣiṣẹ́ lórí ìṣúná. Ó gbọ́ wa dáadáa, ó wá ní, "Kí ló kan Maryland nínú ọ̀rọ̀ yìí?" Ìbéèrè gidi ni, mi ò bínú sí i. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan na ọwọ́ sí abọ́ ṣokoléètì tó wà níwájú obìnrin náà. Ẹ̀gbọ́n wa ní, "Ẹ̀yin náà ń jẹ ẹ́." Ó ṣàlàyé pé ìwádìí kan tó jáde ní 2020 ka ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kòkó ní Ghana àti Côte d'Ivoire. Èmi fi òfin Amẹ́ríkà ti 1930 lórí owó orí ọjà tó ń wọlé kún un: ó ní kí ọjà tí wọ́n fi tipátipá mú èèyàn ṣe má wọ Amẹ́ríkà. Kọ́sítọ́ọ̀mù ló sì ń mú un ṣẹ. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ ọjà tí wọ́n á dá dúró, bí kò bá sẹ́ni tó ń wádìí lóko àti níbi ìwakùsà?

Òṣìṣẹ́ aṣòfin náà ní ká fi ojú ìwé kan ṣoṣo ránṣẹ́, kí orúkọ àkáǹtì àti iye owó wà lókè pátápátá. Alẹ́ ọjọ́ náà la fi ṣọwọ́. Àwọn ará wa ní Houston ti gba ẹ̀dà tiwọn, wọ́n ń wá ohun tó kan Texas tiwọn, tí wọ́n máa fi rọ́pò ti Maryland.