Amplifier òde ní Àkúrẹ́, bẹ́ ẹ ṣe máa lò ó tí ò ní jó

Ẹ so wáyà sípíkà tán kẹ́ ẹ tó tanná o, mísà (ẹ̀rọ tó ń po ohùn pọ̀) lẹ máa kọ́kọ́ tàn, amplifier kẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa á, amplifier lẹ máa kọ́kọ́ pa. Sípíkà 8 ohm (ìwọ̀n bó ṣe ń dí iná lọ́nà) méjì, tẹ́ ẹ bá so wọ́n pọ̀, pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, ti di 4 ohm nìyẹn, ẹ wo ẹ̀yìn amplifier bóyá ó lè gbé 4 ohm. Tí iná protect (iná ìdáàbòbò ara amplifier) bá ń tàn, ẹ pa á, ẹ yọ gbogbo wáyà sípíkà, ẹ tún un tàn, tí iná protect yẹn bá lọ, wáyà tàbí sípíkà ló ṣọ́ọ̀tì, tí ò bá lọ, ẹ gbé e fún oníṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wáyà dípò fíúùsì láé! Eruku ọyẹ́ sì máa ń dí fáànù, ẹ máa fẹ́ ẹ.